Ẹ́ńjìnnì Kejì Ọ̀kantó

Létí omi tí mò ń sọ yìí, ọ̀rọ̀ tí kì í kúrò lẹ́nu ẹni ni wọ́n fi ń sọ ẹni lórúkọ. Bí wọ́n ṣe sọ apẹja yìí ní Ọ̀kantó nìyẹn. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í so ẹ́ńjìnnì kékeré kejì mọ́ ìdí ọkọ̀ ìpẹja wọn, pé bí èyí tó ń ṣiṣẹ́ bá dákẹ́ lójú agbami, kí ìkejì gbé àwọn wálé, ó kàn ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín ni.

“Ọ̀kan tó,” ni yóò wí. “Ẹni tó bá mọ ẹ̀rọ rẹ̀ tọ́jú, ọ̀kan tó o. Ẹ̀yin tí ẹ ń ru méjì, ẹ̀rù ló ń bà yín.”

Ó wí i títí ó fi di orúkọ. Àwọn ọmọdé gan-an a máa fi kí i láàárọ̀, inú rẹ̀ a sì máa dùn. Ká sọ tòótọ́, ọkùnrin náà mọ iṣẹ́. Kò sí ẹ́ńjìnnì tó lè purọ́ fún un. Yóò tẹ́tí sí i, yóò gbóòórùn epo rẹ̀, yóò fọwọ́ mì í, yóò sì sọ ohun tó ń ṣe é. Tirẹ̀ gan-an, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń fa okùn rẹ̀ kó tó dún, òjò ìbáà rọ̀, òtútù ìbáà mú.

Ọmọ kan ṣoṣo ni òun àti ìyàwó rẹ̀ bí, ọkùnrin. Láti ìgbà tí ọmọ náà ti ń rá ló ti ń pàṣẹ fún gbogbo ilé, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Ọ̀gá. Bàbá di Bàbá Ọ̀gá, ìyá di Ìyá Ọ̀gá. Nígbà tó dàgbà tó ń bá bàbá rẹ̀ lọ sójú omi, ó gba ìtọ́jú ẹ́ńjìnnì náà pátápátá. Bàbá tó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ òun wá di ẹni tó ń tọrọ gááfárà lọ́wọ́ ọmọ kó tó ṣí i.

Nígbà kan, ìdérí ẹ́ńjìnnì náà bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ó ń dún gbàgà-gbàgà bí wọ́n bá ti ń sáré. Ọ̀gá wá ohun tí yóò fi há a, kò rí. Ló bá wọ yàrá ìyá rẹ̀, ó gbé bàtà onírọ́bà ìyá rẹ̀, ti ẹsẹ̀ òsì, ó fi ọ̀bẹ ìpẹja gé gìgísẹ̀ rẹ̀, ó fi há ìdérí. Ariwo ìdérí dákẹ́. Ti Ìyá Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀.

“Bàtà mi! Bàtà búlúù mi! Ọ̀gá, nínú gbogbo rọ́bà tó wà láyé, tèmi lojú ẹ rí? Ẹsẹ̀ bàbá ẹ ò ṣe é gé ni?”

Bàtà náà kì í ṣe èyí tí èèyàn lè ṣì mú. Ìyá Ọ̀gá ti fi ìṣó gbígbóná lu ihò mẹ́ta sí gìgísẹ̀ rẹ̀, torí àwọn tí ojú wọn máa ń fọ́ bí ìpàdé bá ti tú, tí wọ́n á wọ bàtà oníbàtà lọ. Dípò kó sọ ọ́ nù lẹ́yìn tí ọmọ gé e, ó ń wọ̀ ọ́ kiri bẹ́ẹ̀, gìgísẹ̀ òsì ń kan ilẹ̀, kí gbogbo ayé lè rí ìyà tó ń jẹ ẹ́. “Ẹ wo ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ ọmọ tí mo bí o,” ni yóò máa wí, ẹ̀rín a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ọ̀gá ní kó fi òun sílẹ̀, òun máa ra tuntun fún un.

Kò rà á. Lọ́jọ́ kan tí ibà dá Ọ̀kantó dùbúlẹ̀, Ọ̀gá nìkan ló gbé ọkọ̀ jáde láàárọ̀, kò sì padà wálé.

Wọ́n wá a. Gbogbo ọkọ̀ tó wà létí omi ló jáde, Ọ̀kantó tí ibà ń gbọ̀n jìgìjìgì wà nínú èyí tó ṣáájú. Wọn ò rí ọkọ̀, wọn ò rí ọmọ, wọn ò rí ẹyọ pákó kan. Nígbà tí àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá wọn kẹ́dùn, Ìyá Ọ̀gá dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò jẹ́ kí wọ́n jókòó.

“Ẹ bá mi kẹ́dùn kí ni? Ta ló kú? Ṣé ẹ rí òkú ni? Omi gbé ọmọ mi dé ibì kan ni. Ó ń bọ̀ wálé.”

Ìyá àgbà kan fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún un pé ọmọ mi kú yá ju ọmọ mi nù. Ìyá Ọ̀gá wò ó tìkà-tẹ̀gbin. “Ìyá, ẹ mú èyí tó yá yẹn lọ sílé yín.”

Kò sunkún. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti se oúnjẹ ìrọ̀lẹ́, àwo mẹ́ta ló ń bù. Yóò da àwo òfìfo bo ti Ọ̀gá, yóò gbé e sí ààyè rẹ̀ lórí tábìlì. Bí ilẹ̀ bá mọ́, yóò da oúnjẹ náà sẹ́nu ọ̀nà fún adìẹ aládùúgbò. Àwọn adìẹ náà sanra débi pé wọn ò lè fo ògiri mọ́. Kílẹ̀ tó mọ́ tán, wọ́n á ti tò sílẹ̀ bí oníbàárà. Bàtà tí Ọ̀gá gé, ó kó o sábẹ́ ibùsùn ọmọ náà. Ó ní òun ò tún ní wọ onírọ́bà mìíràn àfi èyí tí ọmọ òun bá rà.

Ọ̀kantó ní tirẹ̀ mọ̀ pé ọmọ ti lọ. Ó mọ̀ pé ẹ̀rọ dákẹ́ lójú omi, kò sì sí ìkejì. Kò sẹ́ni tó tún pè é ní Ọ̀kantó lójú rẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọdé pàápàá, àwọn ìyá wọn ti fà wọ́n létí. Èmi náà ìbá má pè é bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló ń fi bú ara rẹ̀ bó bá dá wà. “Ọ̀kan tó. Ó tó, àbí? Ṣó tó báyìí?” Kò sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. Ìgbàgbọ́ yẹn ló gbé obìnrin náà ró, ta ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ yọ òpó ilé?

Ó ń bá àwọn ẹlòmíràn tún àwọ̀n ṣe títí ó fi sú u. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ fi iṣẹ́ ẹja sílẹ̀, tó gbé ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lé e lọ́wọ́, ó ní òun yóò padà sójú omi. Ìyàwó rẹ̀ tó ń gbálẹ̀ gbọ́, ó jókòó tòun ti ìgbálẹ̀ lọ́wọ́.

“Bàbá Ọ̀gá, ẹ ò ní fi ẹ́ńjìnnì kan lọ. Ẹ máa wá ìkejì. Bí Ọ̀gá bá dé, tí kò bá yín nílé, kí lẹ fẹ́ kí n wí fún un?”

“Ó dáa, màá lọ wá a,” ni Ọ̀kantó wí.

“Èmi náà ń bá yín lọ.”

Ìlú kejì ni wọ́n ti ń ta àlòkù ẹ́ńjìnnì. Ọkùnrin tó ń tà á níbẹ̀, Gbà-á-bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é, torí kò sí àbùkù tí o lè rí lára ọjà rẹ̀ tí kò ní sọ pé, “Gbà á bẹ́ẹ̀, oníbàárà mi.” Abẹ́ páànù gígùn kan ló pàtẹ sí. Ó so àwọn ẹ́ńjìnnì mọ́ pákó, orí wọn lókè, ìdí wọn nísàlẹ̀, ilẹ̀ abẹ́ wọn ti dúdú fún ọ́ìlì. Dúrọ́ọ̀mù ńlá kan tó kún fún omi wà níwájú. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń ti ìdí ẹ̀rọ bọ̀ bí wọ́n bá fẹ́ dán an wò. Ìyá Ọ̀gá rí àpótí kan nítòsí dúrọ́ọ̀mù náà, ó jókòó, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan.

Ọ̀kantó wo àkọ́kọ́. Ọ̀dà tuntun ń dán lára rẹ̀.

“Ta ló kun ún?”

“Èmi ni. Ṣé kò dáa ni?”

“Ó dáa. Àmọ́ ọ̀dà tuntun lára àlòkù, ohun tó ń bò ni mo fẹ́ mọ̀.” Ó fi èékánná ha ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà. Ojú ibi tí irin ti ṣẹ́, tí wọ́n ti jó o pọ̀, yọ síta.

“Gbà á bẹ́ẹ̀, bàbá.”

“Ìwọ náà gbà á bẹ́ẹ̀.”

Ti ìkejì, ó tú nọ́ọ̀tù kan nísàlẹ̀ rẹ̀, ó gba ọ́ìlì díẹ̀ sí ìka. Ọ́ìlì náà funfun bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Omi ti wọ ìyẹn lára, ó kọjá lára rẹ̀. Ẹ̀kẹta kéré, ó sì ń wúkọ́. Wọ́n fa okùn rẹ̀ títí apá fi fẹ́ já kó tó gbà. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì rẹ̀ mọ́, púlọ́ọ̀gì rẹ̀ gbẹ, kò sí ọ̀dà lójú rẹ̀. Arúgbó tí kò parọ́ ọjọ́ orí ni.

Bí wọ́n bá ti dán ọ̀kan wò tán, ìbéèrè kan náà ni Ìyá Ọ̀gá ń bi wọ́n. “Ṣé ìyẹn á gbé èèyàn wálé?”

Nígbà tó tún bi wọ́n, Gbà-á-bẹ́ẹ̀ pa ọwọ́ pọ̀. “Ìyá mi, ẹ́ńjìnnì ni mò ń tà, mi kì í ta wòlíì.”

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀kantó yíjú wò ó. Ó ti pẹ́ tó ti rí eyín ìyàwó rẹ̀ gbẹ̀yìn, inú rẹ̀ sì dùn díẹ̀ pé àwọn jọ wá.

“Ó ku ẹyọ kan,” ni Gbà-á-bẹ́ẹ̀ wí. “Àná ni mo tún un ṣe tán. Ẹ máa rí ẹ̀rọ lónìí.” Ó gbé e jáde láti ẹ̀yìn, ó so ó mọ́ etí dúrọ́ọ̀mù, ó ti ìdí rẹ̀ bọ omi, ó fa okùn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ó dún.

Ọ̀kantó ò tíì wò ó dáadáa. Etí rẹ̀ ló kọ́kọ́ mọ ẹ̀rọ ara rẹ̀. Wọ́n ti kun ẹ̀rọ náà ní dúdú, àmọ́ kò sí ọ̀dà tí wọ́n ń fi kun ohùn.

Gbà-á-bẹ́ẹ̀ fi ẹnu sí i létí torí ariwo. “Ẹ gbọ́ ọ? Àwọn atukọ̀ kan ló gbé e wá. Ọ̀nà jínjìn ni wọ́n ti rí i, lára ọkọ̀ kan tí omi ń gbé kiri, kò séèyàn nínú ẹ̀. Wọ́n ní àwọ̀n ẹni náà ṣì wà nínú omi, oúnjẹ tó gbé lọ ṣì wà nínú abọ́. Ó ti bómi lọ, kí Ọlọ́run ṣàánú ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ò sì bàjẹ́ o! Omi lásán ló wọ inú epo. Mo da epo nù, mo fọ ọ̀nà ẹ̀, ó jí.”

Omi lásán. Ìbá ṣe pé ẹ̀rọ kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú agolo epo tirẹ̀, ẹ̀rọ èyíkéyìí, arúgbó tó ń wúkọ́ yẹn pàápàá, Ọ̀gá ìbá ti wálé wá jẹun lọ́jọ́ náà.

Gbà-á-bẹ́ẹ̀ pa ẹ̀rọ, ó tú ìdérí láti fi inú rẹ̀ hàn wọ́n. Rọ́bà búlúù kan há sábẹ́ rẹ̀, ihò mẹ́ta lára rẹ̀. Ìyá Ọ̀gá ti dìde lórí àpótí, ó ń bọ̀. Ọ̀kantó yára fi ẹ̀yìn ara rẹ̀ dí ẹ̀rọ náà.

“A ò fẹ́ ìyẹn,” ni ìyàwó rẹ̀ wí, kí òun tó rí ọ̀rọ̀ sọ.

“Bẹ́ẹ̀ ni. Kò dáa.”

“Kò dáa?” Gbà-á-bẹ́ẹ̀ la ẹnu. “Ẹ́ńjìnnì tí mo fà lẹ́ẹ̀kan! Kí ló ṣe é?”

“Ó ń mu epo jù.”

Ọ̀kantó ò purọ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì rí láyé rẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́kàn pé ìyàwó òun ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ sí òun létí, pé ó kàn kọ ọjà bí èèyàn ṣe máa ń kọ ọjà tí ojú rẹ̀ ò gbà. Wọ́n mú arúgbó tó ń wúkọ́. “Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ gbé e padà, màá pààrọ̀ ẹ̀ fún yín,” ni Gbà-á-bẹ́ẹ̀ wí, ó ṣì ń mi orí.

Nínú ọkọ̀ èrò, àárín ẹsẹ̀ wọn ni wọ́n gbé e sí. Ìyá Ọ̀gá gbé ọwọ́ lé e lórí kó má baà ṣubú bí ọkọ̀ bá kó sí kòtò. Ọ̀kantó ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́ nínú pé ohun tí òun rí lónìí, inú òun ni yóò wà títí òun yóò fi wọlẹ̀. Kí ìyàwó òun máa bu àwo mẹ́ta rẹ̀. Kí adìẹ máa jẹ. Kó ṣáà wà láàyè.

Nírọ̀lẹ́, ó fọ ọwọ́, ó jókòó sídìí tábìlì. Ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ kalẹ̀. Ọ̀kantó wo tábìlì, ó tún un wò. Àwo méjì.

“Ìyá Ọ̀gá.”

“Ẹ jẹun kó má tutù.”

“Ìyá Ọ̀gá, o ò bu…”

“Mo gbọ́ ọ,” ló wí. “Ẹ rò pé ẹ̀yin nìkan lẹ mọ ẹ̀rọ? Ohùn yẹn ni mo fi ń mọ ìgbà tí mo máa gbé ìkòkò kaná. Tó bá ti ń dún bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán báyìí, mo ti mọ̀ pé ebi ń pa yín. Láti ìgbà tí mo ti délé yín ni mo ti ń tẹ́tí sí i. Mo sì rí bàtà mi. Ẹ fi ẹ̀yìn gbàǹgbà yẹn dí i, mo gba ẹ̀gbẹ́ yọjú.”

“Kí ló dé tí o ò sọ?”

“Mo rò pé ẹ ò mọ̀ ni. Mo ní kí n má bà yín lọ́kàn jẹ́.”

Wọ́n wo ara wọn. Àwọn méjèèjì ti gbé òkú ọmọ kan náà láti ìlú kejì wálé, oníkálukú ń fi í pamọ́ fún èkejì.

Nígbà náà ni Ọ̀kantó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ọkọ̀ òfìfo, oúnjẹ inú abọ́, omi tó wọ inú epo. “Èmi ni mo pa á,” ló wí. “Ọ̀kan tó, ọ̀kan tó. Ẹnu mi yìí ló pa á.” Ìyàwó rẹ̀ ò sọ pé ẹ̀yin kọ́. Bó bá tilẹ̀ sọ ọ́, ọkọ rẹ̀ ò ní gbà. Ó na ọwọ́ kọjá lórí tábìlì, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, oúnjẹ sì tutù síwájú wọn.

“Ẹ lọ pààrọ̀ arúgbó yẹn lọ́la,” ló wí nígbẹ̀yìn. “Ẹ gbé ti Ọ̀gá wálé. Ó ti pẹ́ níta jù.”

Láàárọ̀, Ọ̀kantó gbé arúgbó ẹ̀rọ náà padà lọ. Ó bá ọ̀dọ́kùnrin kan àti ìyá rẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ti ra ẹ́ńjìnnì Ọ̀gá. Wọ́n ti gbé e sórí ọmọlanke, wọ́n ń fi okùn dè é.

“Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ ní ó ń mu epo jù?” ni Gbà-á-bẹ́ẹ̀ wí.

Obìnrin náà kọjú sí i. “Bàbá, ṣé ẹ mọ ẹ̀rọ? Ọmọ mi yìí ní ọ̀kan tó òun. Mo ní bí kò bá ra ìkejì, kò ní gbé ọkọ̀ jáde lójú mi láéláé. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé èyí á gbé e wálé?” Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ẹ̀rọ náà bí ẹni gbé ọwọ́ lé ọmọ lórí.

Ọ̀kantó la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà ti dé eyín rẹ̀: ẹ̀rọ ọmọ mi ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi. Bó bá sọ ọ́, wọ́n á fún un. Ta ni yóò gbọ́ irú rẹ̀ tí kò ní tú okùn? Ṣùgbọ́n èwo ni ọmọ yìí yóò wá gbé lọ sójú omi? Èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣẹ́, àbí èyí tí omi wọ lára, àbí èyí tó ń wúkọ́ léjìká òun? Ó dun ọkùnrin náà wọ egungun.

“Á gbé e wálé,” ló wí. “Ẹ̀rọ gidi ni, ìyá. Irọ́ ni mo pa mọ́ ọn lánàá.” Ó yíjú sí ọ̀dọ́kùnrin náà. “Ìwọ, gbọ́ mi. Agolo epo tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni kí o fún un. Má jẹ́ kó mu nínú ti èkíní láé. Bí omi bá wọ ọ̀kan, ìkejì á wà. Tún un sọ.”

Ọmọ náà rò pé eré ni, ó rí ojú rẹ̀, ó tún un sọ.

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí òun yọ rọ́bà abẹ́ ìdérí.

“Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?”

“Ti ìyàwó mi ni.”

Gbà-á-bẹ́ẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wò ó, ó gbé ẹ̀rín náà mì. Ọ̀kantó yọ rọ́bà náà, ó fi sápò àyà. Ó bọ́ bàtà onírọ́bà ẹsẹ̀ òsì ara rẹ̀, ó yọ ọ̀bẹ ìpẹja, ó gé gìgísẹ̀ rẹ̀, ó fi há ibẹ̀. Ó fọwọ́ mi ìdérí wò, kò dún. Ó gbé arúgbó rẹ̀ padà sí èjìká, ó ń lọ.

Ẹnu ọ̀nà ni Ìyá Ọ̀gá dúró sí. Ó rí arúgbó ẹ̀rọ léjìká ọkọ rẹ̀, kò rí òmíràn. Ó wo ilẹ̀, ó rí gìgísẹ̀ òsì ọkọ rẹ̀ tó ń kan iyẹ̀pẹ̀. Ẹ̀rín bọ́ mọ́ ọn lẹ́nu.

“Ta ló gé tiyín?”

Ẹ̀rín náà ò tíì tán tí Ọ̀kantó fi na rọ́bà búlúù náà sí i. Kò gbà á kíá. Ó wọ yàrá Ọ̀gá, ó bẹ̀rẹ̀, ó fa bàtà rẹ̀ jáde lábẹ́ ibùsùn, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà náà ló gba rọ́bà, ó fi ojú ibi tí ọ̀bẹ gbà kan ojú ibi tí ọ̀bẹ gbà. Wọ́n bá ara wọn mu rẹ́gí.

Ló bá ké. “Ọ̀gá o! Ọ̀gá mi, o ò ra bàtà fún mi mọ́!” Gbogbo ẹkún tí kò sun láti ọjọ́ yìí wá ló tú jáde, kò sì ṣe é dá dúró. Ọ̀kantó jókòó tì í, ó fi orí lé e léjìká, òun náà ń sunkún bí ọmọdé. Àwọn ará àdúgbò gbọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́tẹ̀ yìí, ó jẹ́ kí wọ́n jókòó.

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé àwọn adìẹ aládùúgbò. Láràárọ̀ ni wọ́n ṣì ń tò sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń yí ọrùn, wọ́n ń fi ẹnu kan ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ tí wọn ò wá mọ́, Ọ̀kantó ti wà lójú omi, ẹ́ńjìnnì méjì, agolo epo méjì. Ìyá Ọ̀gá ṣílẹ̀kùn, ó gbé ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ kó má baà tẹ adìẹ mọ́lẹ̀. Kò rí ọ̀kan. Ó dúró níbẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó tún sunkún.